Irin tó kúrò lẹ́yìnkùlé wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọmọkùnrin tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù gba àdúgbò wa kọjá láàárọ̀, mo sì pè é wọlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kó ẹrù ẹ̀yìnkùlé yẹn kúrò nílẹ̀: fáànù tó ti jóná, ìkòkò ọbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti lu, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ti dógùn-ún. Ó wọ̀n wọ́n, a dúnàádúrà, ó sanwó, ó kó wọn sínú ọmọlanke rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ń kó wọn lọ. Ó ní, "Màmá, Owódé Onírin ni." Ará Kàtsínà ni, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní ọmọ Íbò ni ọ̀gá tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ òun, àti pé àwọn tó ń da ìkòkò máa ń wá ra àlúmíníọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀. Àlúmíníọ̀mù kì í gbó bí aṣọ ṣe ń gbó. Tí iná bá ti mú un gbóná dé 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yíyọ́ ló máa yọ́, wọ́n á dà á sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fi ìkòkò tẹ àpẹẹrẹ sí, ó tún di ìkòkò. Agbára tí wọ́n ń lò láti yọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 èyí tí wọ́n ń lò láti yọ tuntun jáde láti inú òkúta. Nínú ìkòkò kan ṣoṣo tí ẹnì kan máa gbé kaná lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, agolo bíà wà níbẹ̀, férémù wíńdò ilé tí wọ́n wó wà níbẹ̀, ìkòkò tèmi náà lè wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ọmọ mi obìnrin dúró tì wá bí a ṣe ń ná ọjà. Lẹ́yìn tí onírin lọ, ó bi mí bóyá fóònù àtijọ́ tó wà nínú àpótí náà lè di nǹkan. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, torí ìtàn kan wà tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún un.

Láti oṣù Kẹrin 2017 títí di oṣù Kẹta 2019, àwọn ará Japan ń kó fóònù àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọn ò lò mọ́ jọ káàkiri ilẹ̀ wọn. Fóònù nìkan lé ní mílíọ̀nù 6. Gbogbo ẹrù náà lápapọ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 79,000. Wọ́n rí nǹkan bíi kílò 32 wúrà, kílò 3,500 fàdákà àti kílò 2,200 idẹ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe mẹ́dàlì Òlíńpíìkì Tokyo nìyẹn, nǹkan bí 5,000, pẹ̀lú ti àwọn aláàbọ̀ ara. Kòrónà ló sún ìdíje náà sí 2021.

Ẹ wá wo ọrùn ẹni tí wọ́n bọ́ sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Ese Brume, ọmọ Nàìjíríà, fò jìnnà tó mítà 6.97, ó gba idẹ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Blessing Oborududu, ọmọ Bayelsa, gba fàdákà nínú ìjàkadì, mẹ́dàlì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà nínú ìjàkadì Òlíńpíìkì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tamyra Mensah-Stock ará Amẹ́ríkà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, ló gba wúrà. Ìyẹn ni pé fàdákà tí a rí lọ́rùn ọmọ wa lórí tẹlifíṣọ̀n ti wà nínú ẹ̀rọ àwọn ará Japan rí. Wọ́n ti fi í pe ìyá wọn, wọ́n ti fi í ya fọ́tò ọmọ wọn.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn tó ni fóònù yẹn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ tiwa ló dé?" Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ènìyàn, kò tíì wọ̀ mí lára tó báyìí rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni tẹ́lẹ̀. Èyí ṣeé gbé ka orí ìwọ̀n.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kó mọ apá tó dùn nìkan. Mo sọ ti Bìní fún un. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Jámánì gbé ìwádìí jáde pé idẹ tó wà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà Bìní bá idẹ àgbègbè odò Rhine ní ilẹ̀ wọn mu. Ẹ̀gbà idẹ ni, tí àwọn Pọtogí ń kó wá ná bí owó, tí wọ́n fi ń ra ata àti eyín erin, tí wọ́n sì fi ń ra ènìyàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ẹdó yọ́ ẹ̀gbà náà, wọ́n fi mọ orí ọba. Ní 1897 ológun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ, púpọ̀ nínú wọn sì bá ara wọn ní mùsíọ́ọ̀mù Jámánì. Oṣù Kejìlá 2022 ni ìjọba Jámánì gbé díẹ̀ nínú wọn wá sí Abuja. Idẹ lọ, idẹ bọ̀. Àwọn tí wọ́n fi idẹ rà ò bọ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò tà láàárọ̀ yìí: bátìrì ínfátà wa méjì tó ti kú. Ojú onírin ò kúrò lára wọn, torí òjé inú wọn lówó lórí ju irin lọ. Ògìjò ló sọ sí mi lọ́kàn, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì. Ní 2025, àwọn oníròyìn gbé e jáde pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tó léwu lára púpọ̀ nínú wọn, àtọmọdé àtàgbà. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìròyìn náà ní òjé tí wọ́n yọ́ níbẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í ṣe bátìrì ọkọ̀. Àtúnlò nìyẹn náà ń jẹ́. Ó so ọmọ tó ń mí èéfín ní Ògìjò pọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣíná ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ní òkè òkun, ó sì so èmi náà mọ́ wọn, torí bátìrì tèmi lè wà nínú iná yẹn.

Kí ọmọkùnrin onírin náà tó lọ, mo bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú bátìrì. Ó ní àáké ni wọ́n fi ń là á, wọ́n á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ásíìdì ni omi yẹn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó jẹun, kó má sì jẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́ àáké yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé."

Mo pe ẹni tó ta bátìrì fún wa lọ́sàn-án. Ó ní àwọn ń gba ti àtijọ́ padà, àwọn á sì yọ iye kan lórí tuntun. Mo bi í pé, lẹ́yìn ọ̀dọ̀ yín, ibo ló ń lọ? Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí, kí n jẹ́ kí òun bi ọ̀gá òun. Ọkọ mi ní bátìrì náà ń gba àyè, òótọ́ sì ni. Mo ti gbé wọn ka orí pákó ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá tún pe ọlọ́jà náà.