Orin tó sá lọ lẹ́nu ìyá àgbà

Lálẹ́ àná ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìyá àgbà kan ń sọ bí ogun Dàhòmì ṣe dó ti ìlú títí ó fi fọ́ lọ́dún 1886, bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe rò ó fún un. Ó dé ibi tí ebi ti wọ inú odi, ó dákẹ́. Ọmọkùnrin tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sáré bi í pé, "Ẹ̀yin màmá, ta ló ṣílẹ̀kùn?" Ìyá dáhùn, àmọ́ orin tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti sá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àgbà bá dákẹ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá sínú kí ẹ tó lanu. Inú ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá orin àti oríkì. Tí orin bá dé, ẹ gbè é. Ẹni tí kò bá rí elégbè á gé ìtàn kúrú. Ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí a ṣẹ́ po, torí tábìlì a máa dún. Ìbéèrè ọdún àti orúkọ, ó di ìparí.

Ọmọ náà bu omi fún un, ó jókòó sórí ẹní. Nígbà tó yá, orin náà padà wá. Ó gbè é.