Agolo lẹ́tà Màmá

Sátidé tòní, òjò ò jẹ́ kéèyàn jáde rárá, ni mo bá ní kí n tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ìyá dádì mi, wò níbí n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà kì í da nǹkan nù. Agolo bisikíìtì kan ni mo rí, lẹ́tà kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo ẹ̀ ni àbúrò dádì mi kọ láti Kánò, Bùrọ̀dá Kánò là ń pè wọ́n.

"Mo fi àǹfààní yìí kọ ìwé sí yín láti béèrè àlàáfíà yín, mo mọ̀ pé ẹ wà dáadáa bí èmi náà ti wà níbí." Bí gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kódà èyí tí wọ́n kọ nígbà tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́sibítù!

Màmá ò mọ̀wé, èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mò ń kà á, àwọn ìyá àdúgbò á sì jókòó tì wá. Lọ́jọ́ kan mo kà á jáde ketekete pé "ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti ẹ̀yin nìkan ni o", ọ̀rọ̀ gbèsè ni, èèyàn mẹ́fà ló ń gbọ́. Màmá já bébà gbà lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá àwọn èèyàn sọ pé WhatsApp ló ba lẹ́tà kíkọ jẹ́. Nígbà àrokò, ẹ fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹfà, ọkàn mi fà sí ọ nìyẹn, tó bá dá mẹ́jọ padà, ẹ ti jọ gbà nìyẹn, kò sídìí fún ABD. Ìgbà tí pọ́ọ̀sì dé Èkó ní 1852, tí rélùwéè wá dé Òṣogbo ní 1907, lẹ́tà ń lọ ń bọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ẹlòmíì ló wà láàárín ìyá àtọmọ.

Ní báyìí Màmá á kàn fi àtàǹpàkò di ibi tí mo fi hàn wọ́n lórí fóònù mú, wọ́n á ki Bùrọ̀dá Kánò, wọ́n á bú wọn díẹ̀, àdìẹ á máa ké lẹ́yìn, ó di Kánò. Ṣùgbọ́n ó dùn mí ṣá, fóònù tó bọ́ sómi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí gbé gbogbo voice note wọn lọ, agolo yìí sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Mo wá lẹ́tà gbèsè yẹn títí, kò sí níbẹ̀. Mo bi Màmá, wọ́n ní lẹ́tà wo.