Kò sẹ́ni tó ń rántí ọjọ́ rẹ̀ mọ́

Òjò ni látàárọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, mo se ẹ̀wà, Bàbá Tómi jẹun tán ó lọ sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ọjà ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹrù àlòkù láti inú ọkọ̀ wọn, lọ́jọ́ Àìkú ò tíì kúrò létí mi, bóyá tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, oorun á kùn mí.

Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tọkọtaya òyìnbó kan ni, àwọn náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Wọ́n pàtẹ ẹrù bàbá wọn tó ti kú: abọ́, fìlà, ìwé, àti Schatz kan, aago orí tábìlì ará Jámánì, tí ìbòrí gíláàsì rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Mo lóṣòó, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ni obìnrin náà bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń rántí ọjọ́ rẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ rẹ̀.

Mo sanwó, mi ò nájà. Mi ò bi í léèrè. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yí lórí mi, nítorí mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lèèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́ irú aago yìí. Tí sípírìngì inú àgbá rẹ̀ bá ti kún, á gbé e tó 400 ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so ó mọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí: tí ọjọ́ bá pé, baálé á ṣí gíláàsì, á yí kọ́kọ́rọ́, ó di àmọ́dún. Nítorí náà ọjọ́ kan wà. Obìnrin yẹn mọ̀ pé ó wà. Èwo ni ọjọ́ náà ló ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ Àìkú, mi ò ní purọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbàgbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bí ọ ló so ọjọ́ yẹn mọ́ aago, ó fi sí pálọ̀ níbi tí gbogbo yín ti ń rí i... Àmọ́ nígbà tó di àná mo bi ara mi pé ọjọ́ wo gan-an ni bàbá mi gbé ìyá mi níyàwó? Mo mọ ọdún rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni, torí màmá máa ń sọ bí ètè gbogbo èèyàn ṣe funfun nínú fọ́tò. Mo bá pè é ní Ìbàdàn.

"Ẹ kú alẹ́ mà. Ọjọ́ wo lẹ ṣègbéyàwó?"

"Ọjọ́ Sátidé ni. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ọkọ ẹ ti jẹun?"

Mo ní ó ti jẹun. Ó ní kí n kí i. Bó ṣe parí nìyẹn. Inú mi sì dùn lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè sọ pé báyìí ni ìdí rẹ̀.

Èèyàn máa ń gbàgbé, ó kàn rí bẹ́ẹ̀. Aaron Crane ti gba ìwé àṣẹ fún irú aago yìí, tí pendulum rẹ̀, ìyẹn ìwúwo tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ń lọ́ yí po ní Amẹ́ríkà láti 1841, kí Anton Harder ará Ransen ní Silesia, Jámánì ìgbà yẹn, tó gba tirẹ̀ ní nǹkan bí 1880. Síbẹ̀ Harder ni gbogbo wa ń dárúkọ. Èmi náà ń ṣe é.

Lálẹ́ yìí mo gbé e sórí tábìlì. Nísàlẹ̀ páànù ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lu nọ́ńbà méjì sára idẹ, 5 àti 53. Oṣù karùn-ún ọdún 1953 ló jáde ní Triberg, ní agbègbè Schwarzwald. Lásìkò yẹn, àwọn sójà Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún Jámánì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ra aago yìí bọ̀ wálé fún ìyàwó. Bóyá bàbá yẹn wà lára wọn. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú máa yí i ní oṣù karùn-ún, ó ṣáà ní oṣù tirẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n oṣù iṣẹ́ nìyẹn, oṣù àwọn tó ń kó o sínú páálí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnìkan yàn fún ẹnìkan.

Ohun tó dá a dúró kò le láti rí. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ láìyọ pendulum rẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún, sípírìngì pẹlẹbẹ tó gbé e rọ̀ sì lọ́ bí irun tó ta kókó. Èyí kò ṣeé nà. Tó bá ti ṣẹ́ po níbì kan péré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó nípọn tó 0.102 mílímítà ni Schatz 49, irú èyí tí mo rà, ń lò, mo sì ní ti ilé iṣẹ́ Horolovar nílé. Ti àtijọ́, ooru máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, aago á máa falẹ̀ nígbà ooru, á máa sáré nígbà òtútù. Irin tí Charles Terwilliger, ẹni tó dá Horolovar sílẹ̀, gbé wá kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ooru sí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo fi ẹ̀mú kékeré gbé e, mo de fọ́ọ̀kì, irin kékeré tó ń bá aago ti sípírìngì náà, mọ́ ọn níbi tó yẹ. Tí fọ́ọ̀kì bá lọ sísàlẹ̀ jù, aago á máa gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ á máa sáré lójú yín. Mo gbé pendulum kọ́, mo yí i díẹ̀, mo fi sílẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó dún, ó tún lọ síwájú díẹ̀ kó tó padà. Ó yí sósì, ó dún, ó tún lọ síwájú díẹ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹni tó lè kán an lójú. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tó ń tu ọkàn mi lára báyìí.

Ibí yìí ni mo ti dúró. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti yí i, kò gbà. Àgbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹnìkan ti yí i kó tó dúró, kò sì pẹ́ púpọ̀. Ta ló yí i, bí kì í bá ṣe bàbá yẹn? Ó rántí ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń pariwo níbí pé kí ẹ má kàn pààrọ̀ sípírìngì pẹlẹbẹ nìkan, kí ẹ wá gbàgbé epo àtijọ́ sínú àgbá. Mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Epo ọ̀pọ̀ ọdún ti di gọ́ọ̀mù, agbára aago yìí ò sì tó láti fà á. Ṣùgbọ́n kí n tó lè tú u fọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gbogbo agbára inú sípírìngì náà dànù, ọwọ́ bàbá yẹn ló sì fi síbẹ̀.

Mi ò tú u. Mo dé gíláàsì lé e. Kó lo èyí tó wà nínú ẹ̀ tán ná, tàbí kí epo yẹn dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyíkéyìí tó bá yá.

Aago Kundo ti Màmá Ìbejì ti ṣetán o. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n mú páálí tó le dáadáa wá, mo ti yọ pendulum rẹ̀ sọ́tọ̀.