Ilé wa ti ní òrùlé o, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ bá mi kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ o. Òjò tó rọ̀ mọ́jú àná yẹn, mo sùn fọnfọn lábẹ́ òrùlé tèmi. Báàfù tí mo gbé kalẹ̀ nítorí pé ọkàn mi ò tíì balẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́ kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ ìjì yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gbà-gbà-gbà, mo sáré wọlé pé kí n gbé màmá mi, kí n tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì wọn iyàrá ti mọ́lẹ̀ yàà, mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí. Màmá ní, 'Ta ló ṣílẹ̀kùn?'

Ìjì ò pa mí o, káfíńtà ló kù díẹ̀ kó pa mí. Gbogbo àdúgbò ń wá wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó mọṣẹ́ ti lọ Èkó, àwọn ọmọ tó yẹ kó máa kọ́ṣẹ́ wà lórí ọ̀kadà. Lébúrà tó ń gba ₦7,000 lóòjọ́ di ₦15,000, wàá tún bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan gbowó ìṣó lọ́wọ́ mi, fóònù ẹ̀ ò wọlé mọ́ títí dòní. Ó mọ ara ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wà lábẹ́ tapólì, táwọn ẹbí kan ń sọ pé kí n talé jàre, kí ni obìnrin ń wá nídìí òrùlé. Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ wá wo páànù.

Bàbá ẹ̀yìn ilé wa ló gbà mí. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi tọ́mọ, ṣùgbọ́n orúnkún wọn ò gba àkàbà mọ́. Wọ́n ní kí ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ gòkè, àwọn jókòó sórí àga nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n á gbọ́ ìró òòlù, wọ́n á ní, 'Èyí ò wọgi, yọ ọ́.' Ọmọ mi á jiyàn títí, á yọ ọ́, lóòótọ́ ìṣó ti gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá!

Àwọn náà ló ṣàlàyé fún mi pé igi tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ẹni tó kàn án níjọ́sí ò fi rọ́ọ̀dù dè é mọ́ ògiri, ó kàn gbé e lé e ni, atẹ́gùn wá gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, ó gbé tigi tipáànù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ gòkè lọ wò ó fúnra yín. Ẹ sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń tẹ fóònù nílé yín lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹ ò tiẹ̀ bi mí o.

Iléyá ti dé tán, àwọn ará Èkó tó ń bọ̀ wá wo Ojúde Ọba á rílé sùn sí. Bàbá ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa làwọn fẹ́, kì í ṣe èyí tí mò ń tà fún àlejò. Láàárọ̀ yìí wọ́n pè mí, mo rò pé wọ́n fẹ́ béèrè bóyá ó jò ni.

Wọ́n ní, 'Gàrí mi dà?'