Ewédú Lórí Iyanrìn Perth

Nígbà tí mo fẹ́ kó lọ sí Perth ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà lọ́dún 2019, òtútù ni gbogbo èèyàn fi ń dẹ́rù bà mí. Súwẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oòrùn, èmi náà ò sì béèrè. Ọmọ Ìséyìn ni mí, kí ni oòrùn fẹ́ fi mí ṣe?

Oṣù Kejìlá dé. Nílé, ọyẹ́ ti ń bó ètè nígbà yẹn. Ní Perth, ìgbà ooru ló ń wọlé, Kérésìmesì sì bọ́ sínú rẹ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Èkó tó ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Gbígbẹ ló gbẹ. Òógùn á ti gbẹ kí o tó mọ̀ pé o làágùn, ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ lo tó mọ̀ pé omi ti tán lára rẹ. Ká ní ọyẹ́ àti oòrùn oṣù Kẹta fẹ́ra wọn sílé, ọmọ tí wọ́n máa bí nìyẹn. Mo ti gbójú lé àwọ̀ dúdú mi, àfi bí èjìká mi ṣe bó lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ kì í jáde ṣeré láì dé fìlà. Mo ti kọ́kọ́ pè é ní àṣejù.

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà fẹ̀ díẹ̀, mo bá kọ ebè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé, mo gbin ata rodo àti tòmátì. Mo bomi rin ín. Omi náà kàn ń yí gbirigbiri lókè bí omi orí ewé kókò, kò wọlẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ Perth, ewéko tó ti jẹrà á sì máa fi nǹkan bí ìda bo hóró iyanrìn náà, tó fi ń lé omi sẹ́yìn. Ebè tí mo fi ń yangàn tún dá kún un. A máa ń kọ ebè níbi tí òjò ti ń rọ̀, kí omi má baà mu gbòǹgbò pa. Níbi tí ẹ̀rùn ti lè tó oṣù mẹ́ta láìsí òjò gidi, ńṣe ni ebè ń gbé gbòǹgbò lé atẹ́gùn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ooru kọjá 40 dìgírì, òdòdó ata já bọ́, tòmátì sì sè lórí igi.

Bàbá ará Ítálì kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ? "Bàbá" ni mo ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Ó yọjú lórí ọgbà, ó wo ebè mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n wó o, kí n gbẹ́ kòtò, kí n da ìgbẹ́ ẹṣin àti ewé jíjẹrà pọ̀ mọ́ iyanrìn, kí n wá kó koríko gbígbẹ bo gbogbo rẹ̀. Ata ní tirẹ̀ ń fẹ́ agboòrùn. Aṣọ oníhò kan wà tí wọ́n ń ta fún un.

Omi náà ní òfin. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi ká, ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára nọ́ńbà ilé rẹ ló máa sọ ọjọ́ tó kàn ọ́, kó sì jẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ di rọ́bà mú kò sí nínú ìyẹn. Rọ́bà lèmi ń lò, síbẹ̀ aago márùn-ún ìdájí ti ń bá mi lẹ́yìnkùlé.

Ewédú ló wá ń wù mí. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé irúgbìn wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn, ajá ló ń gbóòórùn ẹrù lẹ́nu pápákọ̀ òfurufú. Ìyá Íjíbítì kan níbi iṣẹ́ ló yọ mí. Ewédú yìí náà ni wọ́n ń pè ní mulukhiyah, ó sì ní hóró rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà pa mọ́. Mo gbìn ín, kò hù. Mo pe Màámi.

"Ṣé o bu omi gbígbóná sí i kí o tó gbìn ín?"

Mo dákẹ́.

"Hẹn. Ìwé lo kà."

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, ooru wọ 42.8 dìgírì. A ò lè fi èédú sun súyà torí wọ́n ti ka dídá iná níta léèwọ̀, ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná la fi yan án. Irú súyà wo nìyẹn? Oṣù Kíní tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ooru fi kọjá 40 léraléra. Tòmátì Bàbá gbẹ lábẹ́ aṣọ ìbòòji rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ilá àti ewédú tèmi ń ga sí i. Bàbá wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo já tẹ̀tẹ̀ fún un, ó lọ fi ááyù dín in. Ewédú? Ó fi ṣíbí fà á sókè, ó wò ó bó ṣe ń yọ̀, ó rọra gbé e padà sínú àwo.

Atẹ́gùn kan wà tó ń ti etí òkun, láti ọ̀nà Fremantle tó jẹ́ ìlú èbúté, wọlé lọ́sàn-án. Dókítà Fremantle ni wọ́n ń pè é, torí ara ìlú máa ń yá bó bá ti dé. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo di rọ́bà mú, alángbá onírù kúkúrú kan tí ahọ́n rẹ̀ dà bí aró wá ń lá omi létí ẹsẹ̀ mi, n kò sì ní agbára láti sá. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tó ṣe, ewé ilá kan mì. Bàbá dìde, ó lọ ṣí gbogbo fèrèsé.