Òdòdó Ìsápá àti Kànáfùrù Kì í Gbé Inú Ìkòkò Kan

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo po ọtí òdòdó fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n gbé imú sí ẹnu gílàásì, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ní òdòdó wà nínú èyí? Kànáfùrù nìkan ni mò ń gbọ́." Ó dùn mí, torí odindi ìrọ̀lẹ́ ni mo fi dúró ti ìkòkò náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti da ìsápá, ṣúgà, atalẹ̀, sínámónì àti kànáfùrù pọ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n hó fún bí ìdajì wákàtí. Ó kan, ó korò, ó sì mú kí ahọ́n kú tipiri. Eugenol, èròjà kan tó wà nínú kànáfùrù, ló pa ahọ́n bẹ́ẹ̀. Òun náà ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò láti fi pa ìrora.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Iná ni kànáfùrù àti sínámónì ń fẹ́. Ìsápá ní tirẹ̀, sùúrù ló ń fẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti máa ń rẹ ìsápá gbígbẹ, gíráàmù 15 sínú omi tútù mìlílítà 500. Màá dé e, màá gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 8. Ohun tí a ń pè ní òdòdó yìí, awẹ́ pupa tó gbá ìdí òdòdó mú ni, tó máa ń nípọn lẹ́yìn tí òdòdó gan-an bá ti rẹ̀ dànù. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró de iná kó tó yọ́ sínú omi. Tó bá di àárọ̀, omi náà á ti pọ́n fòò, kíkan rẹ̀ á sì tutù lẹ́nu. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ da omi gbígbóná lé e fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá, torí tíì gbígbóná á yọ́ yìnyín, ọtí yín á sì ṣàn bí omi lásán.

Omi ṣúgà ló kàn. Ẹ yan kànáfùrù 4 àti sínámónì kan tó gùn tó ìka nínú páànù gbígbẹ títí òórùn wọn á fi gba ilé ìdáná. Ẹ má lọ̀ wọ́n o, ìyẹ̀fun wọn máa ń da omi rú, ó sì máa ń há sí ọ̀fun. Ẹ wá da ṣúgà gíráàmù 200, omi mìlílítà 200 àti atalẹ̀ rírẹ́ bíi 5 lé e. Iná jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 10. Ẹ pa iná, ẹ dé e, kí ẹ máa tọ́ ọ wò lẹ́kọ̀ọ̀kan. Kànáfùrù ni èmi máa ń kọ́kọ́ yọ. Omi ṣúgà yìí lè lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìjì.

Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí tó dáa ni mo fi ń pò ó. Yìnyín á dé ìdajì, lẹ́yìn náà jíìnì mìlílítà 45, tíì ìsápá 90, omi ṣúgà 20, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 10 péré, torí ìsápá ti kan tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n títí ara ìgò á fi tutù tó bẹ́ẹ̀ tó máa fẹ́ ta yín lọ́wọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ sórí yìnyín tuntun. Mo ti dán ọtí rọ́ọ̀mù dúdú wò, ó bo òdòdó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kì í mutí lè fi omi sódà rọ́pò jíìnì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti gbọ̀n ìyókù tán ni kó tó dà á sí i; ó dùn gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Kànáfùrù wá dà?"

Mo ní, "Ẹ gbé e mì ná, Ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n gbé e mì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Háà, ẹ̀yìn ọ̀fun ló lọ jókòó sí."