Ìgò Kan, Èèyàn Mẹ́wàá

Ọjọ́bọ̀, 24 Òkúdù 2021

Màámi ti gba abẹ́rẹ́ kòrónà ẹlẹ́ẹ̀kejì lónìí. Inú mi dùn gan ni. Àtàárọ̀ la ti wà níta, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé Adó-Èkìtì, ẹsẹ̀ ń ro mí, aṣọ àwọn oníbàárà ṣì wà lórí máṣíìnì tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn láì kọ eléyìí sílẹ̀, torí ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò nínú mọ́tò tí mo wọ̀ bọ̀ láti Ìkọ̀lé bí mi nínú. Ẹnì kan ló pè sórí ètò wọn, ó ní àwọn ará oko ni ò jẹ́ kí àrùn yìí lọ, ó ní olóríkunkun ni wọ́n, ìjọba gbé abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ wá bá wọn nílé wọn ò gbà. Atọ́kùn ètò yẹn sì ń ṣe "hẹn, hẹn, ẹ ò parọ́".

Ó parọ́ o. Ìbẹ̀rù wà lóòótọ́, mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún yìí ló balẹ̀ sí Àbújá, AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, kò pé mílíọ̀nù 4. Àwa tá a wà nílẹ̀ yìí lé ní mílíọ̀nù 200. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé, ìyẹn ni pé bíi mílíọ̀nù 2 èèyàn ló máa kárí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹnì kan péré! Ká tiẹ̀ ní gbogbo wa la sáré jáde, tá a tò láti Fájuyì dé Bàsírì, níbo ni wọ́n fẹ́ ti rí i fún wa? Kòrónà wá gbóná gan-an ní Íńdíà, wọ́n dá èyí tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun dúró kí wọ́n lè fi gba àwọn èèyàn tiwọn là, mi ò bá wọn wí, àwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn elétò ìlera ìjọba ní Àbújá bá ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró tó bá ti lo ìdajì ohun tí wọ́n fún un, kí àwọn tó ti gba àkọ́kọ́ lè rí ìkejì gbà. Ohun tó fà á nìyẹn tí èmi fúnra mi ò tíì fi gbà á títí di òní. Ṣé olóríkunkun lèmi náà? Mo ń wá a ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ti Màámi ṣe lọ. Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ jáde lọ, àwọn àti ìyá kan tó ń gbé ilé kejì, wọ́n gun ọ̀kadà láti oko wá sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀), wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìbòmú tí mo rán fún wọn lọ́dún tó kọjá wà nímú wọn. Àwọn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ni obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bá ní kí wọ́n máa lọ, wọn ò pé. Wọn ò pé kí ni? Kò ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó bá gbé fóònù ẹ̀, ó ń wò ó.

Màámi pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò fẹ́ fún wa ni o. Àwọn èèyàn wọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ dè." Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ti gbà láti gba abẹ́rẹ́, tó ti na owó ọ̀kadà, ìsọkúsọ ìṣẹ́jú kan ló fẹ́ lé e padà sílé. Ìyá tí wọ́n jọ lọ ò padà lọ mọ́. Títí dòní, ìyá yẹn ò tíì gba kankan, ẹni tí ò bá mọ̀ á sì kà á mọ́ àwọn tó kọ̀.

Nígbà tí mo wá sílé lọ́sẹ̀ yẹn ni mo tó rí nọ́ọ̀sì kékeré kan níbẹ̀, ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ṣí kúlà búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ìgò yẹn hàn mí, ìgò tín-ín-rín kan báyìí, ó kéré sí róòlù òwú tí mo fi ń ránṣọ. Ó ní abẹ́rẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú ìgò yìí. Tí òun bá ti gún abẹ́rẹ́ bọ ìdérí ẹ̀, wákàtí 6 ló kù fún un, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Tóun bá ṣí i fún èèyàn mẹ́rin, ti èèyàn mẹ́fà ti ṣòfò nìyẹn, wọ́n á sì ní kóun wá ṣàlàyé. Mo ní, "Ọmọ ìyá mi, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ èyí fáwọn ìyá wọ̀nyí?" Ó ní òun ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí n máà bínú. Ó mú ìwé ọmọ iléèwé kan jáde, ó ti fa ìlà sí i, orúkọ lápá kan, nọ́ńbà fóònù lápá kejì, ó ní kí n kọ ti Màámi síbẹ̀, ẹni tí ò bá ní fóònù kó kọ ti ọmọ ẹ̀ tàbí ti ará ilé ẹ̀. Tó bá ti kù díẹ̀ kó pé mẹ́wàá, á pè wọ́n. Ìwé olówó pọ́ọ́kú! Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ẹ̀.

Ó pè lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni, ìdí nìyẹn tí òní fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá gééré. Mo bá Màámi lọ lọ́jọ́ yẹn. A débẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án ló pé. Gbogbo wa ń wo títì. Ọlọ́kadà tó gbé wa wá dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti sọ fún wa lójú ọ̀nà pé òun ò lè gba nǹkan tó lè pa òun, ó tiẹ̀ fi fídíò orí Wọ́sáàpù tó ń sọ bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ọkùnrin yìí kan náà ló ṣáná sí ọ̀kadà ẹ̀ láì gbowó, ó lọ gbé bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá láti àdúgbò kejì kó lè pé. Títí dòní òun fúnra ẹ̀ ò gbà. Mi ò mọ ibi tí mo máa to irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sí tí wọ́n bá ń pín wa sí olóríire àti olóríkunkun.

Kí wọ́n tó ṣí ìgò ni Màámi ní àwọn ní ìbéèrè. Ọkàn mi là gààràgà, mo rò pé ọ̀rọ̀ fídíò Wọ́sáàpù yẹn ni. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ ní rédíò pé àwọn òyìnbó dá eléyìí dúró lọ́dọ̀ wọn. Kí ló dé tó fi wá jẹ́ pé àwa ni wọ́n ń gún un fún?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Oṣù kẹta yẹn náà ni Denmark, Jámánì, Faransé, Ítálì dá AstraZeneca dúró torí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ara àwọn kan tó gbà á. Mo ti ń retí kí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn, ká má tan ara wa jẹ, a mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà láwọn ibi kan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Màmá, òótọ́ ni. Ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ò pọ̀ rárá láàárín àìmọye èèyàn tó gbà á, àwọn tó ń yẹ oògùn wò ní Yúróòpù ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àǹfààní ẹ̀ ju ewu ẹ̀ lọ. Jámánì àti Faransé ti padà sí i. Àgbàlagbà bíi tiyín ni kòrónà máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, òun lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí fún yín." Ó wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́: tí orí bá ń fọ́ tí ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ẹsẹ̀ bá wú, tí èémí bá ń há, kí wọ́n má jókòó sílé, kí wọ́n pe òun. Ó fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀.

Màámi ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè. Nígbà tá a délé ni wọ́n sọ fún mi pé, "Ọmọ yẹn ò fi bò fún mi. Ẹni tó bá sọ èyí tó burú ńbẹ̀ fún mi, màá gba èyí tó dáa ńbẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ká aṣọ yẹn sókè, nọ́ọ̀sì rí àpá tó wà lápá wọn lókè, ó rí roboto, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń dán díẹ̀, ó sì ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ láàárín. Ó béèrè pé kí ni. Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ṣì kéré gan-an nígbà tí wọ́n bupá fáwọn, àwọn wolé-wolé ló wá sílùú, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ igi lójúde ọba, àwọn kan sá wọ igbó. Ìlú ò fẹ́ ẹ nígbà yẹn náà. Ṣùgbọ́n ìyá ńlá wa kan wà tí ilẹ̀ẹ́gbóná ti jẹ ojú ẹ̀ kan, àwọn òbí Màámi ń wo ojú yẹn lójoojúmọ́, wọn ò dúró bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó fi máa di 1980 àjọ ìlera àgbáyé ní ó ti tán láyé. Àwọn ọmọ tèmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná, àrùn tí wọn ò jẹ́ pe orúkọ ẹ̀ gangan nígbà kan. Bàbá tíṣà náà bá káṣọ sókè, tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpá han ara wọn, ẹ̀rín sọ. Mo rò pé nǹkan tó mú kí ara wọn balẹ̀ jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó ju gbogbo ìkéde lọ.

Ìbà mú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà o, mi ò ní parọ́. Ara wọn gbóná, apá ń dùn wọ́n, wọn ò lè jẹ iyán, ọmọ Èkìtì tí ò jẹ iyán, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Àwọn ará ilé ń yọjú, "a ò sọ fún yín?" Mo fún wọn ní párásítámọ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, mo sì pè é, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ara ló ń kọ́ bó ṣe máa bá a jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n ti ń bi mí pé ta ló fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Ti òní ò fi bẹ́ẹ̀ lariwo. Wọ́n pa àwa àti àwọn ará abúlé kejì pọ̀ kí ìgò lè pé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́wàá ìjọsí, kì í ṣe gbogbo wọn ló padà wá. Ìyá kan ti lọ bá ọmọ ẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Èkó. Bàbá tíṣà wá, wọ́n tiẹ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Ìyá elépo ò wá, àwọn ọmọ ẹ̀ ló gbé káàdì ẹ̀ pamọ́ torí ìbà tó mú un nígbà yẹn, wọ́n ní ìyá àwọn ò gba nǹkankan mọ́. Nọ́ọ̀sì pè wọ́n lójú mi, wọ́n pa fóònù. Ojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó kàn fi bírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ yẹn, kò pa á rẹ́.

Ọmọ ìyá elépo tó jẹ́ obìnrin, oníbàárà mi ni, aṣọ ìkómọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó máa wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní bú u, mi ò sì ní pè é ní olóríkunkun, mo máa gbé àga fún un, mo máa bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, mo sì máa sọ fún un pé ìbà mú Màámi náà, kí ó wá wò wọ́n. Tó bá gbà, a ṣì lè bá ìgò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì ní ìkejì ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ńbà tèmi náà ti wà nínú ìwé yẹn báyìí, ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní tí tuntun bá dé òun á pè.